Bí VA Bá Kọ Owó Àìlera Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Pípe Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, ẹ wo déètì tó wà lókè lẹ́tà tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, fi sọ fún yín pé àwọn ò ní san owó àìlera. Ọdún kan ni ẹ ní láti ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ kọ́kọ́ béèrè owó ní May 10, 2023, VA sì kọ̀ ní February 14, 2024. Bí ẹ bá pe ẹjọ́ kí February 14, 2025 tó kọjá, tí wọ́n wá gbà fún yín níkẹyìn, owó yín á padà sẹ́yìn dé June 1, 2023, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀lé ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọdún náà kọjá, ẹ ṣì lè padà wá, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ padà wá ni owó á ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo oṣù tó ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tọ́rọ̀ yìí kàn kò kéré. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ètò MAVNI ń wá nígbà tó ń gba àwọn àjèjì tí kò tíì ní green card sínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà láti 2009 títí di 2016. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà green card wọlé, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ohun tó ń fa ìjákulẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn ni pé bí VA bá ti kọ̀, wọ́n á sáré fi fọ́ọ̀mù mìíràn ránṣẹ́ láìtíì mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi kọ̀. Ohun tó fà á ló sì máa sọ fọ́ọ̀mù tó yẹ.

Ẹ ka lẹ́tà náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà

Kí VA tó sanwó, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ dúró. Àkọ́kọ́, àìsàn kan gbọ́dọ̀ wà lára yín báyìí tí dókítà ti dárúkọ. Èkejì, ohun kan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun: ìfarapa, àìsàn, ariwo ìbọn, èéfín. Ẹ̀kẹta ni ìsopọ̀ láàárín méjèèjì, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní nexus. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta yìí ló máa ń dá nǹkan rú jù.

Lẹ́tà ìpinnu gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Favorable Findings" sí. Ohun tí VA ti gbà pé òótọ́ ni ó wà níbẹ̀, irú bíi "ẹ ní àìsàn yìí" tàbí "ẹ wà níbi ariwo". Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀ ti di gbèsè sí VA lọ́rùn. Ẹni tó máa tún ọ̀rọ̀ yín wò kò lè yí i padà àfi tó bá rí àṣìṣe tó hàn gbangba-gbàǹgbà. Nítorí náà ẹ má fi owó àti àkókò ṣòfò láti tún ẹ̀rí kó jọ lórí rẹ̀. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, ẹ fi àmì sí èyí tí VA ti gbà, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tó kù. Ìlà yẹn ni iṣẹ́ yín.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n to ẹ̀rí tí wọ́n wò sí. Bí ìwé ilé ìwòsàn tí ẹ fi ránṣẹ́ kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti rí nǹkan kan nìyẹn.

Ẹ gba fáìlì yín

Ẹ kọ fọ́ọ̀mù 20-10206 láti béèrè ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín lọ́wọ́ VA, kí ẹ sì dárúkọ àbájáde C&P exam, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe. Lẹ́tà ìpinnu kì í sọ ju gbólóhùn méjì nínú ohun tí dókítà yẹn kọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìwé rẹ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí. Fún ìwé ìlera tẹnu iṣẹ́ ológun, SF-180 ni ẹ máa fi béèrè lọ́dọ̀ National Personnel Records Center ní St. Louis. Fáìlì lè pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ẹ béèrè lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá wọlé.

Bí àbájáde C&P bá ti dé, àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ rèé:

- Dókítà kọ pé kò sí ìwé ìtọ́jú nígbà iṣẹ́ ológun, ó fi ìyẹn nìkan sọ pé àìsàn náà kò ti ibẹ̀ wá, kò sì sọ ohunkóhun nípa ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹnu sọ.
- Ó ní etí yín dára lọ́jọ́ tí ẹ ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà etí dídi tó dé lẹ́yìn náà kò kan ariwo ìbọn. Òfin kò gbà kí èyí nìkan jẹ́ ìdí.
- Ẹ sọ pé àìsàn kejì ti ara àkọ́kọ́ wá. Ó dáhùn bóyá àkọ́kọ́ ló *fa* èkejì, kò dáhùn bóyá àkọ́kọ́ ló ń *mú kó burú sí i*. Ìbéèrè méjì ni, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn méjèèjì.
- Ó ní àìsàn náà ti wà lára yín kí ẹ tó wọṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìgbà tí ẹ ń wọlé kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ka ẹni tí àyẹ̀wò ìwọlé rẹ̀ mọ́ sí ẹni tí ara rẹ̀ le. VA ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tó hàn kedere wá pé àìsàn ti wà tẹ́lẹ̀, àti pé iṣẹ́ ológun kò mú un burú sí i. Kí ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà ṣọ́ èyí dáadáa. Ọ̀rọ̀ kékeré nípa ẹsẹ̀ tó dá nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè di ohun tí dókítà máa gbé lé.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà

Láti February 19, 2019 ni òfin ti pín ẹjọ́ yìí sí ọ̀nà mẹ́ta.

*Supplemental Claim, fọ́ọ̀mù 20-0995.* Ọ̀nà yìí wà fún ẹni tó ní ẹ̀rí tuntun tó kan ọ̀rọ̀. Tuntun túmọ̀ sí pé VA kò tíì rí i rí. Kí ó kan ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí pé ó lè gbé ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yẹn dúró. Ẹni tó tún fọ́tókópì ìwé àtijọ́ ránṣẹ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ dókítà aládàáni, ẹ fi 21-4142 àti 21-4142a fún VA láṣẹ kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ lọ gbà á fúnra yín, torí àwọn ọ́fíìsì dókítà kì í dá VA lóhùn kíákíá.

*Higher-Level Review, fọ́ọ̀mù 20-0996.* Ọ̀gá kan tó ní ìrírí ló máa tún fáìlì kan náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gba ẹ̀rí tuntun rárá: bí ẹ bá fi lẹ́tà dókítà sínú rẹ̀, wọn ò ní wò ó. Ibí ni àwọn àṣìṣe C&P tí a kà lókè yẹn wà fún. Bí ọ̀gá yẹn bá gbà pé VA kò ṣe ojúṣe rẹ̀ láti wá ẹ̀rí tó péye, á dá fáìlì padà kí wọ́n lọ tún àyẹ̀wò ṣe.

*Board Appeal, fọ́ọ̀mù 10182.* Adájọ́ ní Board of Veterans' Appeals ló máa gbọ́ ọ. Ẹ máa yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí adájọ́ wo fáìlì bó ṣe wà, kí ẹ fi ẹ̀rí kún un láàárín 90 ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, tàbí kí ẹ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú tàbí lórí fídíò, lẹ́yìn èyí tí ẹ tún ní 90 ọjọ́ fún ẹ̀rí. Ọjọ́ tí Board fi ṣe àfojúsùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni 365, 550 àti 730, bó ṣe tò tẹ̀léra yẹn. Ẹ fọkàn sí i pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, àfojúsùn VA jẹ́ nǹkan bí 125 ọjọ́.

Èyí tí ẹ bá yàn kò tíì sé yòókù mọ́ yín. Bí Supplemental bá já sí asán, ẹ lè gba ọ̀nà èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kò lè ti inú Higher-Level Review kan bọ́ sí Higher-Level Review mìíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ kò sì lè béèrè fún un lẹ́yìn ìpinnu Board. Supplemental tàbí Board ló kù fún ẹni tó ti inú rẹ̀ bọ̀. Tí ẹ bá ṣáà ti ń gbé ìgbésẹ̀ tó kàn kí ọdún kan tó pé lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan, déètì àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà fún yín.

Ìmọ̀ràn wa: bí ẹ̀yin àti ẹni tó mọ̀wé lè fi ìka tọ́ àṣìṣe kan ní ojú ewé kan pàtó, Higher-Level Review. Bí ẹ̀rí ni kò sí, Supplemental. Board dára fún ẹni tí òfin ni ìjà rẹ̀, tàbí ẹni tí àwọn ọ̀nà kúkúrú ti sú, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ẹ máa sá lọ.

Lẹ́tà nexus

Ibí ni kí ẹ ti ná owó tí ẹ bá ní. VA kò béèrè pé kó dá dókítà lójú ṣáká. Ìdajì ló ń béèrè: bí ẹ̀rí tó gbè yín àti èyí tó takò yín bá dọ́gba, ẹ̀yin ni òfin ní kí wọ́n dá láre. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kan fi yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́: "at least as likely as not", ìyẹn ni pé, ó kéré tán, bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè má rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó bá kọ "could be", "may be" tàbí "possibly" ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́, kódà bó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. VA á ní àbá lásán ló dá.

Gbólóhùn yẹn nìkan kò tó o. Lẹ́tà olójú ewé kan tó ní ìdí ọ̀rọ̀ sàn ju olójú ewé mẹ́wàá tí kò ní lọ. Àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: irú ìwé tí dókítà kà, pẹ̀lú déètì, orúkọ àìsàn, ìpinnu rẹ̀, ìdí tó fi ronú bẹ́ẹ̀ ní ìlànà ìṣègùn, orúkọ, ẹ̀ka iṣẹ́, nọ́ńbà láìsẹ́ǹsì àti ìbuwọ́lùwé.

Ká mú ẹnì kan tí VA ti ń sanwó orúnkún òsì fún, tí ẹ̀yìn wá ń dùn ún báyìí. Lẹ́tà tó lágbára á lọ báyìí: "Mo ka ìwé ìlera rẹ̀ láti ẹnu iṣẹ́ ológun àti àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ti 2023. Ó ti ń tiro láti ọdún tí orúnkún náà ti bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé físíò ṣe fi hàn. Ìtìrò ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń gbé ìwúwo ara sí apá kan ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò sí ìfarapa ẹ̀yìn mìíràn lákọsílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan kò sì tó ṣàlàyé bí egungun náà ṣe jẹ sí apá òsì." Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn á wá dé, lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan fún pé orúnkún ló fà á, lẹ́ẹ̀kan fún pé, bí kò bá tilẹ̀ fà á, ó ń mú un burú sí i. Ẹ wo bó ṣe dá ẹni tó máa ní "ọjọ́ ogbó ni" lóhùn kó tó sọ̀rọ̀.

Àwọn àìsàn kan wà tí kò nílò lẹ́tà yìí rárá. Òfin PACT Act, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní August 10, 2022, gbà láìjanpata pé èéfín burn pit, ìyẹn kòtò tí àwọn ológun ti ń sun pàǹtírí, ló fa asthma tí wọ́n rí lẹ́yìn iṣẹ́, àìsàn imú rhinitis àti sinusitis tí kò lọ, àti oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, fún ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Iraq tàbí Kuwait láti August 2, 1990, tàbí ní Afghanistan, Djibouti àti àwọn ibòmíràn tí òfin dárúkọ láti September 11, 2001. Ó tún fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún ti Agent Orange, oògùn apakoríko tí wọ́n fọ́n nígbà ogun Vietnam. Bí wọ́n bá ti kọ̀ fún yín lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kí òfin náà tó dé, Supplemental Claim ni kí ẹ lò. Bákan náà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí làkúrègbé egungun tó fara hàn dé 10% lórí ìwọ̀n tí VA fi ń díwọ̀n àìlera láàárín ọdún kan tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ojúrere tirẹ̀ nínú òfin.

Ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa gan-an: ẹ̀jẹ̀ (genotype) AS nìkan, VA kò ka á sí àìlera tí wọ́n ń sanwó fún. Àfi bí ìwé ilé ìwòsàn bá fi àìsàn kan pàtó hàn tó jẹ́ pé AS náà ló fà á ní tààrà.

Ẹ̀rí àwọn tó mọ̀ yín

Fọ́ọ̀mù 21-10210 ni ìyàwó, ọkọ, ọmọ ẹgbẹ́ ológun tàbí pásítọ̀ máa kọ. Ohun tí ojú wọn rí ni kí wọ́n sọ, kí wọ́n fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀. "Ọkọ mi ní àìsàn sleep apnea" kò wúlò. "Láti ìgbà tó ti Kuwait dé ní 2014 ló ti ń hanrun, mo máa ń gbọ́ tí èémí rẹ̀ dá, màá sì jí i" wúlò gan-an ni. Ẹni méjì tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú déètì tó ju ẹni mẹ́jọ tó ń yìn yín.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Bí wọ́n bá tún pè yín fún C&P exam, ẹ lọ. Ẹni tí kò lọ láìsí ìdí gidi, VA lè fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ìpinnu tàbí kí wọ́n kọ̀ pátápátá. Bí ọjọ́ náà kò bá rọrùn, ẹ pè wọ́n kó tó pé.

Ìṣòro Yorùbá níbí ni ẹnu wa. Dókítà á ní "How are you today?", a ó sì dáhùn pé a dúpẹ́, kò sí wàhálà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá sọ bí ọjọ́ tó burú ṣe ń rí: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù, ó ń pẹ́ tó, kí ni ẹ kì í lè ṣe lọ́jọ́ náà. Bó bá ní kí ẹ tẹ̀, ẹ dúró níbi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pariwo rẹ̀ sí i létí. Ó ń fi irinṣẹ́ wọn ìwọ̀n náà, ẹni tó bá ń fara dà á dé ìsàlẹ̀ ń dín owó ara rẹ̀ kù. Ẹ má bù mọ́ ọn, torí fáìlì tó bá tako ẹnu yín lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́.

Ìpè orí fóònù inú Higher-Level Review

Lórí 20-0996, ẹ fi àmì sí ibi "informal conference". Ọ̀gá tó ń wo fáìlì á pe ẹ̀yin tàbí aṣojú yín. Kì í ṣe ibi ìtàn ayé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sórí ewé kan: àṣìṣe mélòó, ojú ewé wo, òfin tàbí ẹ̀rí wo ló tako ó. Ẹ mú ọ̀kan tàbí méjì tó lágbára jù. Ẹ má dárúkọ ẹ̀rí tí kò sí nínú fáìlì.

Ta ló lè bá yín ṣe é

Àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì bíi DAV, VFW àti American Legion ní àwọn aṣojú tí VA fọwọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù 21-22 ni ẹ fi ń yàn wọ́n. Lọ́yà tàbí aṣojú aládàáni ń gba 21-22a. Òfin kò gbà kí wọ́n gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí VA bá ti ṣe ìpinnu ni wọ́n tó lè gbà. VA ka 20% nínú owó àwọn oṣù tó ti kọjá tí wọ́n san fún yín pa pọ̀ sí èyí tó bójú mu, ohun tó bá kọjá 33⅓% ni wọ́n ń fura sí. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìwé àṣẹ kankan, tí wọ́n ń béèrè ìlọ́po owó oṣù tí ẹ bá rí gbà. Kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé wọn, ẹ wá orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ VA ti àwọn tí wọ́n fún láṣẹ.

Bí Board bá kọ̀, ẹ ní 120 ọjọ́ láti gbé ẹjọ́ lọ sí Court of Appeals for Veterans Claims. Déètì yẹn le ju ti VA lọ. Ẹ wá lọ́yà fún un.

Fún àwọn tó ti padà sílé

Ibi tí ẹ ń gbé kò gba ẹ̀tọ́ yín. Ìwé ilé ìwòsàn ìjọba tàbí aládàáni ní Nàìjíríà jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n káàdì tí wọ́n kọ "BP checked, drugs given" sí lásán kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí dókítà kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ oògùn àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fún 10% lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ńbà òkè gbọ́dọ̀ máa wà ní 160 sókè tàbí ti ìsàlẹ̀ ní 100 sókè, tàbí kí ti ìsàlẹ̀ ti máa tó 100 rí kí oògùn ojoojúmọ́ tó ká a lọ́wọ́ kò. Nítorí náà, ìwé ìgbà tí ẹ kò tíì máa lo oògùn ló níyelórí jù.

Nígbà tí "bẹ́ẹ̀ ni" bá dé

Ẹ ṣì ka lẹ́tà náà. Wọ́n lè gbà, kí wọ́n sì fún yín ní déètì tí kò tọ́ tàbí ìwọ̀n tó kéré, méjèèjì ló sì ṣeé pe ẹjọ́ lé lórí. Ẹ má bínú bí 50% àti 30% kò bá di 80%. VA kì í rò wọ́n pọ̀ lásán: 30% ti èkejì, ara ìdajì tó kù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìyẹn 15, àpapọ̀ di 65, wọ́n sì sún un sí 70%. Bí ìṣirò yín bá yàtọ̀ sí tiwọn lẹ́yìn èyí, 20-0996 ni kí ẹ fi ránṣẹ́.